Ṣé O Mọ̀? Igbó, Ìlú Àtijọ́ àti Ọgbà Òdòdó Tí Ará Igbó-Elérin Lè Rìn Dé

Ẹni tó bá jáde ní Igbó-Elérin láàárọ̀, tó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Okokomaiko, ariwo agbèrò àti fèrè mọ́tò ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ilé ti bo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gba iwájú àdúgbò yìí kọjá, bí o bá bá a lọ sápá ìwọ̀ oòrùn, yóò gbé ọ dé Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Bí o bá bá a padà síhà ìlà oòrùn, wàá dé Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn àti Òṣogbo. Igbó wà lójú ọ̀nà náà, ìlú àtijọ́ wà níbẹ̀, ọgbà òdòdó náà kò gbẹ́yìn. Bí o ti ń ka ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, fọkàn sí ohun kan: gbogbo igbó tó ṣẹ́kù ló ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Níbì kan òrìṣà ni, níbòmíràn ọba ni, níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, òfin àti ọgbà tí wọ́n sọ yí i ká. N kò tíì rí èyí tó ṣẹ́kù lásán.

LẸ́NU Ọ̀NÀ ILÉ

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ Àwórì ni Ọ̀jọ́, Ìbà àti agbègbè tó yí wọn ká? Ìtàn àwọn Àwórì sọ pé Ògúnfúnmínire ló ṣáájú wọn kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀ lé àwo kan tó léfòó lórí odò títí ó fi rì ní Ìṣẹ̀rì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fọ́n ká dé etí ọ̀sà. Iṣẹ́ ọdẹ, iṣẹ́ ẹja àti iṣẹ́ oko ni wọ́n ń ṣe. Igbó àti omi ló bọ́ wọn.

Ṣé o mọ̀ pé igbó ìhà yìí kì í ṣe irú igbó Oǹdó tàbí ti Ìjẹ̀bú? Láti Ọ̀jọ́ lọ dé Àgbádárìgì, igbó àbàtà ló wà létí ọ̀sà, igi ògùrọ̀ ló sì pọ̀ níbẹ̀. Imọ̀ ògùrọ̀ ni wọ́n fi ń bo ilé, ọpá rẹ̀ ni wọ́n fi ń kan àtíbàbà, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ẹmu. Ìko tí wọ́n ń bó lára rẹ̀ ni aṣọ Sàngbétò, ọlọ́dẹ òru àwọn Ègùn, tó máa ń fò yípo lójú agbo.

Ṣé o mọ ibi tí igi ńlá máa ń ṣẹ́kù sí láàrin ilé nínú ìlú Àwórì? Igbó Orò ni. Ìlú tó bá ṣì ń ṣe Orò kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀ gé igi, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kó fi ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ìbẹ̀rù Orò ti ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ àwòrán ìlú kò lè ṣe.

Ṣé o mọ̀ bí ilẹ̀ ṣe yára yí padà níhìn-ín? Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò létí ọ̀nà Àgbádárìgì. Ní 1983 ni ìjọba Gómìnà Jákàńdè dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, sílẹ̀, ó sì tẹ̀dó sí Ọ̀jọ́. Ọdún mẹ́jọ péré ló wà láàrin méjèèjì. Ọjà Alábà náà gbilẹ̀, èrò wọ́ wá láti ibi gbogbo, oko di ojúlé.

Ṣé o mọ̀ pé Okokomaiko ni ojú irin aláwọ̀ búlúù ti Èkó máa parí sí? Kìlómítà 27 ni gbogbo rẹ̀ láti Marina. Apá àkọ́kọ́, kìlómítà 13 láti Marina dé Mile 2, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ará Igbó-Elérin tó bá fẹ́ rí ọgbà lérékùṣù Èkó lè wọ bọ́ọ̀sì dé Mile 2, kó sì wọ rélùwéè níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Freedom Park tó wà ní Broad Street tẹ́lẹ̀? Àwọn òyìnbó amúnisìn ló kọ́ ọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà dé ibẹ̀. Ní 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ibi ìgbafẹ́. Àwọn ọmọdé ń sáré lórí koríko lónìí níbi tí wọ́n ti ń ti èèyàn mọ́lé.

Ṣé o mọ̀ pé Èbúté Mẹ́tta ni ọgbà ewéko ìjọba àkọ́kọ́ wà ní gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà? Gómìnà Alfred Moloney ló dá a sílẹ̀ ní 1887, àwọn ọgbà Kew tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì ń fi ìmọ̀ràn ràn án lọ́wọ́. Kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Ọ̀dọ́ igi kòkó, kọfí àti rọ́bà ni wọ́n ń tọ́ níbẹ̀ fún àgbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tiwa náà kò dúró de gómìnà: J. P. L. Davies ti ń gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjàn, nítòsí Agége, láti nǹkan bí 1880.

Ṣé o mọ̀ pé Lẹ́kkí, níbi tí wọ́n ti ń fi owó gọbọi ra ilẹ̀, ní igbó àbàtà tí ó tó 78 hẹ́kítà? Àjọ Nigerian Conservation Foundation ló ń ṣọ́ ọ láti 1990. Afárá orí igi tó wà níbẹ̀ gùn ní mítà 401. Gun orí rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, di okùn ẹ̀gbẹ́ mú, wo ìsàlẹ̀: ọ̀bọ ló ń fò kiri lẹ́ka igi. Ilé yí ibẹ̀ ká níhà gbogbo, ṣùgbọ́n ọgbà àti ẹ̀ṣọ́ kò jẹ́ kí ilé wọlé.

ÀGBÁDÁRÌGÌ

Ṣé o mọ̀ pé abẹ́ igi ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere ní Àgbádárìgì? Igi Agia ni. Thomas Birch Freeman dé síbẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, Henry Townsend tẹ̀ lé e lóṣù Kejìlá. Wọ́n ní ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe Kérésìmesì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà. Igi náà wà lórí ìdúró títí di 1959 kó tó wó, wọ́n sì fi ọwọ̀n ìrántí sí ojú ibẹ̀. Wọ́n ti mọ igi kan ju ọ̀pọ̀ ilé lọ nínú ìlú náà.

Ṣé o mọ̀ pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ṣì wà ní Marina Àgbádárìgì? Àjọ míṣọ́nnárì CMS ló kọ́ ọ ní 1845. Ọdún yẹn gan-an ni Àjàyí Crowther dé sí ìlú náà. Abẹ́òkúta ni òun àti àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó ń retí wọn, ti kú, ọ̀nà sì ti dí. Oṣù bíi méjìdínlógún ni wọ́n fi dúró ní Àgbádárìgì kí wọ́n tó gòkè lọ ní 1846.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Yewa tí wọ́n kó lẹ́rú ló ni ọ̀kan lára àwọn ilé ẹrú tí àlejò máa ń lọ wò jù níbẹ̀? Ṣẹ̀ríkí Fárẹ̀mí Williams Abass, ọmọ Ìjọgà-Orílẹ̀, ni wọ́n gbé lọ sí Bràsíìlì nígbà èwe. Ó padà wá, ó di oníṣòwò ńlá, òun náà sì ṣòwò ẹrú. Iyàrá 40 ló wà nínú ilé náà. Bí o bá dúró nínú ọ̀kan, tí o wo fèrèsé kékeré òkè yẹn, tí o sì ronú iye èèyàn tí wọ́n ń kì bọ ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ á fẹ́ jáde kí ẹni tó ń mú ọ rìn tó sọ̀rọ̀ tán.

Ṣé o mọ̀ bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ẹrú náà lọ? Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wọn ré kọjá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gbẹrẹfù. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rin iyanrìn dé etí òkun. Kànga kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń fún wọn ní omi rẹ̀ mu, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Lónìí, igi àgbọn ló to lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà, atẹ́gùn òkun sì ń fẹ́ sí wọn. Mú àwọn ọmọ rẹ lọ, kí wọ́n rìn ín fúnra wọn. Ìwé kíkà nìkan kò lè kọ́ wọn ní èyí.

ÀJÀṢẸ́ ÀTI OUIDAH

Ṣé o mọ̀ pé o kò nílò físà láti ré Sẹ̀mẹ́ kọjá wọ orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Àjàṣẹ́ àti Ouidah wà? Àdéhùn ECOWAS ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àyè láti wọ èkejì fún 90 ọjọ́. Mú ìwé ìrìnnà rẹ àti káàdì yẹ́lò dání, pààrọ̀ owó rẹ sí séfà, kí o sì fi sùúrù kún un.

Ṣé o mọ̀ pé igbó ọba ni ọgbà ewéko Àjàṣẹ́ tẹ́lẹ̀? Ó jẹ́ ibi ọ̀wọ̀ nígbà tí Ọba Toffa wà lórí oyè. Àwọn Faransé ló sọ apá kan rẹ̀ di ọgbà ìdánwò irúgbìn ní ọdún 1895. Àwọn igi àgbà tó ti wà kí òyìnbó tó dé ṣì dúró láàrin òdòdó tí òyìnbó gbìn. Níbẹ̀, wàá rí ohun méjèèjì tí mo ń sọ papọ̀: igbó tí ìbẹ̀rù pa mọ́, àti ọgbà tí ọwọ́ èèyàn tọ́jú.

Ṣé o mọ̀ pé mọ́ṣáláṣí kan wà ní Àjàṣẹ́ tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì? Àwọn Àgùdà, ọmọ àwọn tó padà láti Bràsíìlì, ló kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Irú ilé ìsìn tí wọ́n ti rí ní Bahia ni ọwọ́ wọn mọ̀, òun náà ni wọ́n sì kọ́ fún Ọlọ́run tí wọ́n ń sìn. Àwọ̀ mèremère rẹ̀ hàn láti òkèèrè.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ló dá oko Songhai sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́? Bàbá Godfrey Nzamujo, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1985 lórí hẹ́kítà kan ṣoṣo. Ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná, pàǹtírí ń di oúnjẹ ẹja, omi ẹja ń lọ sí ìdí ẹ̀fọ́. Àwọn ọ̀dọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló ń wá kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀.

Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìrókò tó wà nínú igbó Kpassè ní Ouidah? Wọ́n ní Ọba Kpassè kò kú. Igi ló dà. Ẹni tó bá débẹ̀ a fi ọwọ́ kan ara igi náà, a sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, a sì fi nǹkan sílẹ̀. Nítorí ọba yẹn ni igbó náà kò fi pa run bí ìlú ti ń gbòòrò. Àwọn ère vodun tó wà láàrin igi rẹ̀ ni Cyprien Tokoudagba àti àwọn oníṣẹ́ ọnà mìíràn ṣe fún àjọ̀dún ńlá kan tó wáyé ní 1993.

Ṣé o mọ̀ pé ìrókò ń sọ afẹ́fẹ́ di òkúta? Lágbègbè wa, àwọn agégẹdú mọ òkúta tí ayùn máa ń bá pàdé nínú ìtì ìrókò. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Côte d'Ivoire ti ṣàlàyé rẹ̀: igi náà, pẹ̀lú olú àti àwọn kòkòrò tíntìntín inú ilẹ̀, ń gba èéfín tí à ń mí síta, wọ́n sì ń sọ ọ́ di òkúta ẹfun. Ìrókò kan tó ti lo 80 ọdún lè to bíi tọ́ọ̀nù kan sílẹ̀ lábẹ́ ara rẹ̀. Àwọn baba wa tó ní kí a má gé e kò mọ èyí, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ ló ń tẹ̀ wá lọ́wọ́.

IGBÓ ÌJẸ̀BÚ, IGBÓ ERIN

Ṣé o mọ ohun tó kọ́ ìjọba Èkó pé igbó lè tán? Igi ìrẹ́, tí wọ́n ń gba rọ́bà lára rẹ̀, ni. Ní 1895, ìwọ̀n rọ́bà tí wọ́n kó jáde láti Èkó ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ. Wọ́n ń kọ igi lára láìsinmi títí igi fi kú lórí ìdúró. Kò ju ọdún mélòó kan lọ tí òwò náà fi wó lulẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé láàrin Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ni igbó àkọ́kọ́ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní Nàìjíríà wà? Olókemèjì ni, ní 1899, nígbà tí ọgbẹ́ ìrẹ́ ṣì tutù. Ní 1929 ni wọ́n pín ilẹ̀ kan níbẹ̀ sí mẹ́ta: wọ́n ń sun ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun ọ̀kan níparí rẹ̀, wọn kò jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta. Ibi tí iná kò dé di igbó padà fúnra rẹ̀. Ibi tí iná ti ń pẹ́ kí ó tó jó, tí gbogbo nǹkan ti gbẹ, koríko ló gbà á. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sun oko yẹ kó gbọ́ èyí.

Ṣé o mọ̀ pé erin ṣì wà nítòsí Èkó? Igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Ìjọba yà á sọ́tọ̀ ní 1925, ó fẹ̀ ju kìlómítà 1,300 níbùú lóròó lọ, UNESCO sì fi í sí ara àwọn igbó àkànṣe àgbáyé ní 1977. Erin ibẹ̀ kéré sí ti pápá. Etí rẹ̀ rí róbótó, eyín rẹ̀ tọ́ sísàlẹ̀. Ojú kì í sábà rí i. Ipasẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀ka tó dá lẹ́bàá ọ̀nà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń fi mọ̀ pé ó kọjá. Oṣù 22 ni ó ń gbé oyún. Ní 2021, àwọn tó ń ka ẹran ìgbẹ́ àgbáyé kéde pé ewu tó wu erin igbó ti dé góńgó.

Ṣé o mọ̀ pé àgbẹ̀ ni erin? Ó fẹ́ràn èso òro, ó ń gbé e mì tòun ti kóró, ó ń rìn jìnnà, ó sì ń yà á sílẹ̀ pẹ̀lú ajílẹ̀ tirẹ̀. Òro tó ń fún wa ní àpọ̀n ọbẹ̀, erin wà lára àwọn tó gbìn ín. Igbó tí erin bá ti tán nínú rẹ̀, àwọn igi eléso ńlá rẹ̀ kò ní rí ẹni gbé ọmọ wọn kiri mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó láwọ̀ ewé ni igbó? Ní apá ibi tí wọ́n ń pè ní J4 nínú igbó Ọmọ, wọ́n gé igi ìbílẹ̀, wọ́n gbin gmelina sí i lọ súà nítorí ilé iṣẹ́ bébà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ní Ìwópin. Wọ inú oko gmelina, lẹ́yìn náà kí o wọ inú igbó gidi. Ní èkíní, igi kan náà ló tò lọ bí o ti ń wò, ẹyẹ kò pọ̀. Ní èkejì, o kò ní tètè rí igi méjì tó jọ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ṣé o mọ̀ pé odi kan wà nínú igbó Ìjẹ̀bú tó yí ilẹ̀ ká fún kìlómítà tó ju 160 lọ? Erédò Ṣùngbọ́ ni. Kòtò àti òkìtì ni wọ́n fi ṣe é. Níbì kan, láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí òkìtì tó bíi mítà 20. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, ooru òkè á dúró sókè. Ògiri ilẹ̀ pupa dúró ṣánṣán ní apá méjèèjì, ewédò ti bò ó, omi ń sun díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀, gbòǹgbò igi sì ń rọ̀ wálẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ ẹ láìsí katakátà. Àwọn Ìjẹ̀bú ní obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, Bílíkísù Ṣùngbọ́, ló ṣe é, wọ́n sì ń fi ibojì rẹ̀ han àlejò ní Òkè-Ẹ̀rí.

ÌBÀDÀN ÀTI ÒṢOGBO

Ṣé o mọ̀ pé ẹyẹ kan wà tí gbogbo ayé kò ní, àfi ìhà ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà? Irú ẹ̀gà kan ni, dúdú tó ní pupa lórí àti láyà. Ní 1958 ni wọ́n fún un ní orúkọ nínú ìwé ìmọ̀, orúkọ Ìbàdàn ni wọ́n sì fún un: *Malimbus ibadanensis*. Igbó tó wà nínú ọgbà IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wà lára ibi tí ó fi ṣe ilé. Nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ náà, oko àti abúlé pọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n sọ ọgbà yí i ká, wọ́n fi apá kan sílẹ̀, igbó sì padà wá.

Ṣé o mọ̀ pé omi Ògùnpa ti gbé ọgbà Àgódi lọ rí? Ọgbà náà ti wà láti 1967. Àgbàrá ọdún 1980 bà á jẹ́ gidigidi, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe. Ìdílé ló ń kún ibẹ̀ lọ́jọ́ ọdún báyìí. Ọgbà tó bá wà létí odò, odò náà ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú. Ìdọ̀tí tí a bá dà sí ojú omi lókè ìlú, òdòdó ìsàlẹ̀ ìlú ló ń jìyà rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé 75 hẹ́kítà péré ni igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo? Síbẹ̀, UNESCO kà á mọ́ ara ìyókù díẹ̀ tó kù nínú àwọn igbó ńlá àtètèkọ́ṣe gúúsù Nàìjíríà. Irú ewéko tó wà nínú rẹ̀ ju 400 lọ, èyí tó ju 200 lára wọn sì jẹ́ egbòogi. Ìjọba sọ ọ́ di ibi ìrántí ní 1965, UNESCO fi í sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005.

Ṣé o mọ ẹni tó kọ̀ kí wọ́n gé e? Àwọn àwòrò ni, àti obìnrin kan tí wọ́n bí ní Austria ní 1915. Susanne Wenger dé Nàìjíríà ní 1950, ó di Àdùnní Olórìṣà. Nígbà tí àwọn kan ń gé igi, tí wọ́n ń dẹ ìgbẹ́, tí wọ́n ń wo ilẹ̀ náà bí ilẹ̀ títà, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo dúró síbẹ̀. Adébísí Àkànjí ń fi símẹ́ǹtì mọ ère àti ògiri, Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta, Kàsálí Àkàngbé ń gbẹ́ igi. Ère ni wọ́n fi ń sọ fún ọlọ́kọ́ pé ilẹ̀ yìí ní ẹni tó ni ín. Àdùnní kú ní Òṣogbo ní 2009, igbó náà kò tẹ̀ lé e lọ.

Ṣé o mọ àsìkò tó yẹ kí o lọ? Oṣù Kẹjọ ni àjọ̀dún, nígbà tí Arugbá ń ru igbá lọ sí ojúbọ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí igbó fúnra rẹ̀, kó lọ lọ́jọ́ tí kò sí àjọ̀dún, láàárọ̀. Ọ̀bọ á jáde wá wò ó. Àwọn obìnrin á máa pọn omi Ọ̀ṣun sínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ojúbọ, wọ́n á máa ṣàdúrà jẹ́jẹ́, ewé á máa já sórí omi.

ÒDÒDÓ TÓ WÀ LẸ́BÀÁ Ọ̀NÀ

Ṣé o mọ̀ pé òdòdó igbó wa ni ayé ń rà? Ọjá ìkookò, ewé gígùn líle tó ní àmì bí ara ejò, igbó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ti wá. Lónìí, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù òdòdó ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York ni wàá ti bá a nínú ìkòkò. Pèrègún náà wà níbẹ̀. Pèrègún tí a fi ń sàmì ojúbọ àti ààlà ilẹ̀, inú pálọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí lọ́hùn-ún. Bí ó bá tanná, òru ni òórùn dídùn rẹ̀ máa ń jáde jù.

Ṣé o mọ òrúrù? Igi tó máa ń ta iná pupa lórí lẹ́bàá ọ̀nà ni. Já ìtannà rẹ̀ tí kò tíì là, kí o fi èékánná fún un: omi á tú jáde bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìbọn olómi ṣeré. Àwọn ọmọdé abúlé mọ eré yìí dáadáa. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni òrúrù. Àwọn òyìnbó gbé e lọ sí àwọn erékùṣù òkun Pacific nítorí ẹwà rẹ̀, ó sì ti pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn lọ́hùn-ún. Nílé, ẹwà lásán ni.

Ṣé o mọ̀ pé ewé tí a fi ń joyè ní òdòdó tó rẹwà? Àkòko ni. A ń já ewé rẹ̀ lé orí ọba àti ìjòyè, a sì ń gbàgbé òdòdó elésè àlùkò rẹ̀. Bí o bá rí ọ̀pá rẹ̀ tútù, kì í nira láti gbìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn fi í ṣe ọgbà yí ilé ká.

Ṣé o mọ̀ pé bougainvillea tó bo ògiri ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó, Bràsíìlì ló ti wá? Inú ìrìn àjò ọkọ̀ Faransé kan ní 1767 ni onímọ̀ ewéko Philibert Commerson ti rí i. Obìnrin kan, Jeanne Baret, múra bí ọkùnrin láti bá a ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ náà, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó rìn yí ayé ká. Ohun pupa tí à ń pè ní òdòdó yẹn, ewé ni. Òdòdó gan-an ni funfun kékeré tó wà láàrin rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn tó ń ta fláwà létí títì wà lára àwọn olùṣọ́ igbó l'Ékòó? Wọ́n ń po ilẹ̀ dúdú mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ, wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n ń ki ẹ̀ka tí wọ́n gé bọ̀ ọ́, wọ́n ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí yóò fi yọ ewé. Dúró bi wọ́n léèrè: èwo ló fẹ́ oòrùn, èwo ló fẹ́ ibòji, èwo ni gbòǹgbò rẹ̀ lè la ìpìlẹ̀ ilé. Ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ nǹkan á fi inú dídùn dá ọ lóhùn.

ÈYÍ TÓ KÀN WÁ

Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ 14 oṣù Keje ni ọjọ́ igi gbígbìn ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdọọdún láti 2008? Inú òjò ló bọ́ sí, ilẹ̀ ti rọ̀, igi tí a bá gbìn lásìkò náà kì í béèrè omi púpọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Wo gbogbo ibi tí a ti kà. Ọba Kpassè ń ṣọ́ igbó rẹ̀, Ọ̀ṣun ń ṣọ́ tirẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ erin ní igbó Ọmọ, ọgbà ń ṣọ́ ẹ̀gà Ìbàdàn. Igi ìrẹ́ kò ní ẹni tó ṣọ́ ọ, o sì ti rí ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Igbó-Elérin, Ìbà àti Ọ̀jọ́ kò lè padà di igbó ọdẹ, n kò sì bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn. Ọmọ wa nílò ilé, wọ́n nílò ọjà àti ilé ìwé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Níbi tí igbó Orò bá ṣì wà, kí baálẹ̀ àti ẹbí onílẹ̀ má ta ààlà rẹ̀. Kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan kó ọmọ lọ sí Àgbádárìgì lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó jáde ìwé mẹ́fà. Kí ojú pópó kọ̀ọ̀kan ní igi mẹ́ta tó ní orúkọ ẹni tó ń bomi rin ín: òrúrù kan, àkòko kan, àgbálùmọ̀ kan. Igi kan kì í dá igbó ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan kì í dá ṣọ́ ọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò rẹ bá tún pàdé, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ iná àti ọ̀rọ̀ gọ́tà, nàwọ́ sókè, kí o béèrè ibi tí wọ́n máa gbin àkọ́kọ́ sí.